Fóònù Onísílàìdì Tí Àwòrán Rẹ̀ Ń Pòórá Bí A Bá Ṣí I: Ìdáhùn fún Ìyá Aláàdìrẹ Kan ní Ìtokú

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Aláàdìrẹ ni mí ní ọjà Ìtokú, níbí ní Abẹ́òkúta. Fóònù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú kì í gbọ́ tèmi nígbà tí ọwọ́ mi bá tutù tàbí tí mo bá wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń rẹ aṣọ. Èyí ló mú kí n lọ tú àpótí, tí mo fi rí Samsung D900 tí bàbá àwọn ọmọ mi rà ní ọdún 2007. Onísílàìdì ni, ìyẹn èyí tí apá òkè rẹ̀ ń ṣún lórí apá ìsàlẹ̀, ó ṣì rẹwà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Mo ra bátìrì sí i, ó tàn, mo sì lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó di pé àwòrán ojú rẹ̀ ń pòórá bí mo bá ti ṣí i tán. Bí mo bá tì í padà dé ìdajì, àwòrán á tún yọ. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní síkírìnì ló kú, pé kí n lọ ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé irú fóònù yìí sì lè bá mi ṣe iṣẹ́ òòjọ́, àbí kí n dá a padà sínú àpótí?

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, àrẹdú o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: síkírìnì fóònù yín kò kú, nítorí síkírìnì tó ti kú kì í jí nítorí pé a ti fóònù padà dé ìdajì. Ohun tí ẹ sọ yìí, pé àwòrán ń lọ bí ẹ bá ṣí i tán, tó sì ń padà bọ̀ bí ẹ bá tì í, ni àmì tó dájú jù tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí pé wáyà pẹlẹbẹ tó so apá òkè fóònù mọ́ apá ìsàlẹ̀, èyí tí àwa tó ń tún fóònù ṣe ń pè ní fílẹ́ẹ̀sì, ti ń ya nínú, tàbí pé ẹnu rẹ̀ ti ń yọ kúrò ní ibi tí wọ́n kì í bọ̀. Bí ẹ bá ra síkírìnì tuntun sí i, owó yín á lọ, síkírìnì tuntun náà á sì máa pòórá gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́ ṣe ń ṣe, torí pé ọ̀nà tí iná àti àwòrán ń gbà débẹ̀ ló bàjẹ́.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe fóònù yìí fún yín ní kíkún díẹ̀, kí ẹ lè bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún un ṣe sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó fi èdè iṣẹ́ bò yín lójú, àti nítorí pé ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì, ìyẹn bóyá ó lè bá yín ṣe iṣẹ́ òòjọ́, inú bí wọ́n ṣe ṣe é náà ló wà.

Ohun méjì ló ń du ojú fóònù mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìyẹn síkírìnì àti bọ́tìnnì. Nínú fóònù kékeré tí kì í ṣí tí kì í tì, bí síkírìnì bá gba àyè, bọ́tìnnì á kéré. Bí bọ́tìnnì bá tóbi, síkírìnì á dà bí ojú fèrèsé ilé ẹyẹlé. Àwọn kan yanjú rẹ̀ nípa ṣíṣe fóònù tí wọ́n ń ṣí bí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò lè rí ẹni tó ń pè é lórí síkírìnì ńlá láìkọ́kọ́ ṣí i. Onísílàìdì gba ọ̀nà mìíràn: ó gbé síkírìnì lé bọ́tìnnì lórí, ó sì jẹ́ kí apá òkè máa ṣún lórí apá ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé síkírìnì wà níta nígbà gbogbo, bọ́tìnnì sì fara pamọ́ títí di ìgbà tí a bá nílò rẹ̀. Èrè méjì tún tẹ̀ lé e: kò sí bọ́tìnnì tó lè ṣèèṣì pe ẹni tí a kò fẹ́ pè nínú àpò, fóònù náà sì kúrú nígbà tó bá wà ní títì, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i, ó gùn tó láti dé etí àti ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Nokia 8110 tó jáde ní ọdún 1996 ní ìdérí tó ń ṣún sísàlẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé síkírìnì rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Siemens SL10 tẹ̀ lé e ní ọdún 1999, òun sì ni ara fóònù fúnra rẹ̀ ti ń ṣún. Nígbà tó fi máa di ọdún 2006 àti 2007, kò sí ilé iṣẹ́ ńlá tí kò ní tirẹ̀, títí kan Nokia N95 tó ń lọ sókè fún bọ́tìnnì nọ́ńbà, tó sì ń lọ sísàlẹ̀ fún bọ́tìnnì orin. D900 yín jẹ́ ti ọdún 2006, ohun tí Samsung sì fi ń yangàn lórí rẹ̀ ni bó ṣe tín-ín-rín: mìlímítà 12.9 péré ni gbogbo ìnípọn rẹ̀, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ pọ̀. Mo rántí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe máa ń dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ nígbà náà, tí wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tì í sókè sódò, tí ìró rẹ̀ á máa dún ṣákí, ṣákí, tí gbogbo ẹni tó wà nítòsí á sì bojú wò ó. Ìró yẹn dùn létí, ó sì wà lára ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló ń jẹ ẹ̀mí fóònù náà ní díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí nínú. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ pàdé lórí ojú irin kékeré méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bíi ti ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Láfẹ́nwá kọjá, àfi pé pẹlẹbẹ ni ti fóònù, kò sì ju gígùn ìka lọ. Láàárín méjèèjì ni sípíríǹgì wà. Wọ́n ti gbé sípíríǹgì yìí kalẹ̀ ní ọ̀nà tó jẹ́ pé, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, á kọ́kọ́ yarí fún yín, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá ìdajì, á gbà á lọ́wọ́ yín, á sì parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òun kan náà ló ń di fóònù mú kó má baà ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tó bá wà ní títì. Nínú ọ̀pọ̀ irú fóònù bẹ́ẹ̀, òòfà kékeré kan wà lára apá kan, ohun kan tó ń mọ̀ bí òòfà bá sún mọ́ ọn sì wà lára apá kejì. Báyìí ni fóònù ṣe ń mọ̀ pé a ti ṣí òun, tó fi ń tan iná bọ́tìnnì, tó sì ń gba ìpè láìtẹ nǹkan kan.

Fílẹ́ẹ̀sì ni ọ̀rọ̀ wá dá lé. Apá ìsàlẹ̀ ni bátìrì àti síìmù wà, apá òkè ni síkírìnì, gbohùngbohùn tí ẹ ń gbé sétí, àti bọ́tìnnì ìdáhùn ìpè wà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí iná, ohùn àti àwòrán lè gbà ti ìsàlẹ̀ dé òkè ju inú fílẹ́ẹ̀sì yìí lọ. Ó tín-ín-rín bí ewé ìwé. Bàbà ni àwọn ìlà inú rẹ̀, wọ́n sì fi ike tó rọ̀ bò ó ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ká a padà lórí ara rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, kí ibi tó ká náà lè máa yí lọ yí bọ̀ bí fóònù bá ń ṣí tó bá ń tì. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wáyà tí a bá ń ṣẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà: kì í já lẹ́ẹ̀kan, á kọ́kọ́ rẹ̀, á sán díẹ̀, lẹ́yìn náà ni á já. Bí fóònù bá sì ṣe tín-ín-rín tó ni fílẹ́ẹ̀sì ṣe gbọ́dọ̀ ká mọ́ra tó, bó bá sì ṣe ká mọ́ra tó ni bàbà inú rẹ̀ ṣe ń jìyà tó. Ìyẹn ni pé mìlímítà 12.9 tí wọ́n fi ń yangàn nì, fílẹ́ẹ̀sì ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwòrán yín fi ń padà bọ̀ ní ìdajì. Ìlà bàbà kan tàbí méjì ti sán; bí fóònù bá wà ní ìdajì, ojú sísán náà ṣì ń fẹnu kan ara wọn, iná sì ń kọjá; bí ẹ bá ṣí i tán, fílẹ́ẹ̀sì nà, ẹnu méjèèjì sì jìnnà síra. Ọdún gbọọrọ tó fi wà nínú àpótí náà dá sí i, torí pé ike àti gọ́ọ̀mù máa ń le bí wọ́n bá pẹ́, ohun tó sì ti le kì í fẹ́ kí a ṣẹ́ òun. Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi farada iṣẹ́ ọjà.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ tan fóònù náà, kí ẹ rọra máa ṣí i ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí àwòrán ti ń lọ gan-an. Bó bá jẹ́ pé ojú kan náà ló ń lọ nígbà gbogbo, fílẹ́ẹ̀sì ló ya. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀ láìní ojú kan pàtó, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka rọra tẹ ẹ̀yìn apá òkè ni ó ń yí padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu fílẹ́ẹ̀sì ló tú, ìyẹn sì rọrùn láti tún ṣe, kò sì ní ná yín ní owó ohun èlò kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i tán kó ṣókùnkùn, kí ẹ ní kí ẹnì kan pè yín. Bó bá dún, tí ẹ sì gbé e, ṣùgbọ́n tí ẹ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ létí, a jẹ́ pé ìlà ohùn náà ti ń já tẹ̀ lé ti àwòrán, kò sì yẹ kí ẹ máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé àwòrán wà digbí, ṣùgbọ́n tí iná bọ́tìnnì kò tàn, tí fóònù sì ń ṣe bíi pé a kò tíì ṣí òun, òòfà ni kí ẹ fura sí, nítorí gọ́ọ̀mù tó dì í mú máa ń gbó, òòfà á sì já bọ́. Ti yín kò jọ bẹ́ẹ̀.

Nípa títún un ṣe, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má gbà kí wọ́n fi jọ́ńpà, ìyẹn wáyà kékeré tí wọ́n ń fi lédì lẹ̀, so ìlà tó já nínú fílẹ́ẹ̀sì. Jọ́ńpà dára lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó inú fóònù tí wọ́n to àwọn ohun èlò rẹ̀ sí, níbi tí nǹkan kì í ti í mira, ṣùgbọ́n fílẹ́ẹ̀sì sílàìdì kò ní ìsinmi. Ojú ibi tí wọ́n bá jó lédì sí á le gbagidi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni á sì tún já sí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìkejì ni pé fílẹ́ẹ̀sì tuntun sàn ju èyí tí wọ́n yọ lára òkú fóònù mìíràn lọ, nítorí pé òkú fóònù náà ti ṣí, ó ti tì, kó tó kú, ọjọ́ orí fílẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti yín. Mo mọ̀ pé tuntun kò wọ́pọ̀ mọ́ fún D900, ó lè jẹ́ pé a ó ní láti dúró kí ẹni tó ń kó ohun èlò wá bá wa wá a, ṣùgbọ́n ìdúró yẹn tó bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í bìkítà fún, ni bí wọ́n ṣe ń ká a. Bí ẹni tó tún un ṣe kò bá ká fílẹ́ẹ̀sì tuntun gẹ́lẹ́ bí ti àtijọ́ ṣe ká, tàbí tó jẹ́ kí etí rẹ̀ máa ha ojú irin, tuntun náà á ya kíákíá. Ẹ ní kó ṣí i kó sì tì í lójú yín ní ìgbà mélòó kan kó tó fi súkírù dé e, kí ẹ sì gba fílẹ́ẹ̀sì àtijọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Bí mo bá wà ní ipò yín, màá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ sọ nípa ọwọ́ tútù àti ìbọ̀wọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ojú fóònù ìgbàlódé ń gbọ́ iná díẹ̀ tó wà lára ìka ènìyàn. Bí omi bá tú sí i, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ìka mọ́. Bí rọ́bà bá sì bo ìka, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun rárá. Bọ́tìnnì kò ní irú ìṣòro yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lọ sílẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Fún aláró, ẹlẹ́ja àti ẹni tó ń ta ẹran, fóònù oníbọ́tìnnì ṣì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ojú irin bá ti ṣẹ́, tí sípíríǹgì bá ti kú, tí fílẹ́ẹ̀sì sì ya lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má náwó lé e mọ́. Ẹ fi sínú àpótí fún ìrántí, kí ẹ ra fóònù oníbọ́tìnnì tí kì í ṣí. Bó bá sì jẹ́ pé sílàìdì náà ló wù yín, Nokia 8110 4G wà, tó jáde ní ọdún 2018 ní àwòkọ́ ti ọdún 1996. Ìdérí nìkan ló ń ṣún lára rẹ̀, síkírìnì dúró sójú kan, kò sí fílẹ́ẹ̀sì síkírìnì tí ṣíṣí àti títì ń ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ ibi iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó lẹ́wà jù ú lọ.

Nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, D900 kò mọ 3G, áńbọ̀ǹtórí 4G. 2G ló ń lò, ìgbì rédíò 900 àti 1800 (MHz) tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà láti ìgbà tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ níbí ní ọdún 2001 sì wà lára ohun tó ń gbọ́. Nítorí náà, ẹ ó lè pe ènìyàn, wọ́n á lè pè yín, ẹ ó sì rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà, títí kan àlẹ́ẹ̀tì báńkì. Ẹ lè fi *310# wo owó ìpè tó kù lórí síìmù yín, kóòdù báńkì yín náà á sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, kóòdù báńkì ni kí ẹ fi wo owó yín, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ àlẹ́ẹ̀tì. WhatsApp kò sí lórí rẹ̀, kò sì ní sí. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán aṣọ kó tó rà á, fóònù ńlá yín ni ẹ ó fi dá a lóhùn nígbà tí ọwọ́ yín bá ti gbẹ.

Síìmù ńlá àtijọ́ ni fóònù yìí ń gbà. Bí tiyín bá ti di kékeré, férémù ike tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ó dọ́gba dáadáa kí ẹ tó tì í wọlé, nítorí bí síìmù bá yọ kúrò nínú férémù nígbà tí ẹ bá ń fà á jáde, etí férémù lè fa eyín kékeré tó ń ka síìmù tu, iṣẹ́ ìyẹn sì le ju ti fílẹ́ẹ̀sì lọ. Káàdì ìrántí tó bá ju 2GB lọ, ẹ má rà á sí i.

Bátìrì tí ẹ rà tún yẹ ní yíyẹ̀wò. Ẹ gbé e sórí gíláàsì tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka yí i. Bó bá ń yí bí òkòtó, inú rẹ̀ ti wú, ẹ má sì fi í sínú fóònù mọ́, torí pé bátìrì tó wú ń ti ìdérí ẹ̀yìn, ó sì lè gbiná. Bó bá jókòó pa láìyí, kò burú.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe máa lò ó, ibí yìí ni ọwọ́ yín wà jù. Ẹ fi ọwọ́ di apá ìsàlẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tì apá òkè ní etí rẹ̀ nísàlẹ̀ síkírìnì, kó lọ ní gbọọrọ, kó má wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ti àárín gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi igun kan ṣoṣo tì í, nítorí igun ló ń mú kí ojú irin jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ti kọjá ìdajì, ẹ jẹ́ kí sípíríǹgì parí rẹ̀. Bọ́tìnnì ìdáhùn ìpè wà ní òkè, ẹ kò sì nílò kí ẹ ṣí i kí ẹ tó gbé ìpè. Bí ẹnì kan bá ṣí fóònù rẹ̀ ní ìgbà 50 lóòjọ́, ìgbà 18,250 ni fílẹ́ẹ̀sì náà á ṣẹ́ láàárín ọdún kan. Bó bá jẹ́ ìgbà 10 lóòjọ́, 3,650 ni. Ìṣirò yẹn wà lára ohun pàtàkì tó ń mú kí fóònù kan pẹ́ ju òmíràn lọ. Àwọn ọmọdé ni kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí pé gbogbo ọmọ tó bá rí onísílàìdì ló fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ẹ má fi fóònù náà há ìdí ìró tí ẹ ró mọ́ra. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló rọrùn, ibẹ̀ ni owó náà ń wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò aró, ìró á tì í ṣí ní ìdajì, ara yín á sì máa tẹ apá òkè síwá sẹ́yìn lórí ojú irin, òógùn á tún wọ inú rẹ̀. Àpò aṣọ kékeré tó ní okùn, tí ẹ gbé kọ́ ibi tó jìnnà sí omi, ló yẹ ẹ́.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni ibi iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ láfún tí ẹ fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, bó bá kán sẹ́nu sílàìdì tó sì gbẹ, á di ìyẹ̀fun líle tó ń ha ojú irin bí yanrìn. Kọ́sítíìkì sódà burú jù ú lọ. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe sí awọ ọwọ́ ènìyàn. Bí omi rẹ̀ bá wọ inú fóònù, á máa jẹ irin àti lédì orí bọ́ọ̀dù lọ ní kọ̀rọ̀, fóònù náà lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó ṣiṣẹ́ lọ́la, kó sì kú ní ọ̀túnla láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó pa á. Ẹ pa aṣọ gbígbẹ kan mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpò fóònù náà, kí ẹ máa nu ọwọ́ kí ẹ tó gbé e, ì báà jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ mọ́ ọn lára, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tó sì gbẹ, ni kí ẹ fi gbá a kúrò nígbà tó bá wà ní títì, lẹ́yìn náà ní ṣíṣí. Ẹ má ta òróró tàbí fasilíìnì sójú irin rẹ̀ nítorí pé ó ń le. Òróró á jẹ́ kó ṣún dáadáa fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà á so gbogbo eruku ọjà mọ́ra, á sì ràn dé abẹ́ bọ́tìnnì.

Bó bá ṣèèṣì bọ́ sómi, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ tó nu ohunkóhun. Ẹ má ṣí i, ẹ má tì í láti fi wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ṣíṣí àti títì yẹn ló ń fa omi láti apá ìsàlẹ̀ lọ sí apá òkè. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì kì í bọ inú ìrẹsì. Ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì fi sípírítì fọ̀ ọ́, pàápàá bó bá jẹ́ omi aró ló bọ́ sí.

Títí di ìgbà tí ẹ ó fi gbé èyí tó ń pòórá yìí lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ní títì, kí ẹ máa fi bọ́tìnnì òkè gbé ìpè, kí ẹ má sì máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, torí pé bí ẹ bá ṣe ń wò ó ni ìlà tó kù ń já. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ yọ síìmù kúrò kí ẹ fi í sílẹ̀ nílé, nítorí síìmù tó so mọ́ owó yín ní báńkì kò ní iṣẹ́ kankan lórí tábìlì ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ì báà jẹ́ èmi gan-an. Ẹ tẹ *#06# kí ẹ sì kọ ẹyọ nọ́ńbà 15 tó bá jáde sínú ìwé yín, ẹ ó fi mọ̀ pé fóònù yín ni wọ́n dá padà fún yín. Ẹ mú ṣájà rẹ̀ náà dání, torí pé ẹnu ṣájà D900 kì í ṣe irú ti fóònù òde òní; bí èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ bá sọnù, wíwá òmíràn lè gbà wá lọ́jọ́ ju wíwá fílẹ́ẹ̀sì lọ.